Ìgò Òórùn Tó Mú Ìyá Rẹ Gun Òkè

Abúlé Òkè-Ìrókò,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹfà, 1959.

Hannah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ilé, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú ojú lọ́nà ọmọ tuntun. Ọlọ́run tó dá Hannah inú Bíbélì lóhùn, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, á dá ìwọ náà lóhùn, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ilé yín yóò sì kún fún ẹ̀rín. Bá mi kí Bọ́lárìnwá ọkọ rẹ, kí o kí i dáadáa o, má kàn sọ ọ́ fìrí bí ẹni tó ń sáré lọ pọnmi. Bá mi kí Rẹ̀mí ọmọ ọmọ mi tí mo gbọ́ pé ó ti ń rìn. Bá mi kí Boma, nọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ní Díóbù, ní Port Harcourt níbẹ̀, ẹni tí oore rẹ̀ pọ̀ lọ́rùn wa, tí mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí wọn ní ìlú tiwọn, kí o bá mi wá èyí tó dára jù nínú ìkíni wọn kí o fi kí i.

Bí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà níhìn-ín, a wà, a dúpẹ́. Irun orí mi ti funfun sí i, ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì, òjò sì ti ṣí apá kan òrùlé ilé ìdáná. Má da ara rẹ láàmú nítorí òrùlé, mo ti fi páànù tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kan ilé ìjọsìn bò ó, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló fún mi, mi ò jí i. Páànù náà kúrú díẹ̀, bí òjò bá rọ̀ báyìí ìdajì ọbẹ̀ á gba omi, ìdajì kejì kò ní gbà.

Sọ fún Bọ́lárìnwá pé inú mi dùn sí iṣẹ́ epo tí ó ń bá àwọn òyìnbó ṣe. Àkíbù, ọmọ Alimat, tó ń ta aṣọ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ti ṣàlàyé fún wa pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa epo yẹn, pé dúdú ni, àti pé kò ṣeé se ọbẹ̀. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Iná ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Epo tó bá jóná ló máa ń dúdú, àwa tí a ti ń fọ epo láti kékeré la mọ̀. Kí Bọ́lárìnwá fọgbọ́n bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n máa fa igi kúrò nídìí ààrò ní kíá. Àwọn òyìnbó mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò bí wọn sídìí epo.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ mú ìwé lónìí ni ti ìyá rẹ àti ìgò òórùn tí o fi rán Àkíbù sí wa. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè fi sọ́kàn, kí o sì lè bá mi sọ ọ́ fún Boma, nítorí ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìgò wọn ṣe.

Nígbà tí o fẹ́ bí Rẹ̀mí, a ránṣẹ́ sí ọ pé ara ìyá rẹ ò yá, pé kò ní lè wá wẹ ọmọ. A ò sọ bó ṣe jẹ́, nítorí oyún wà nínú rẹ. Bó ṣe jẹ́ rèé. Ó ti di ẹrù, ó ti gún osùn, ó ti ṣe àdí sínú ìgò, ó ti ra kànrìnkàn tuntun, gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó ń lọ wẹ ọmọ ní Port Harcourt. A dé gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀, lọ́rì tó ń lọ sí ọ̀nà Bìní ti ń pariwo. Ìyá rẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀, ó fẹ́ gbé èkejì, èémí rẹ̀ sì há. O mọ bí ó ṣe tóbi tó nígbà yẹn, tí kò lè ti yàrá dé ìdí ààrò kó má jókòó sinmi. Ó di pákó náà mú, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn, pẹ̀lú gèlè tuntun lórí. Dírẹ́bà ní òun ò ní gbé ẹni tó lè kú mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́rì lọ. Ìyá rẹ ò sunkún ní gáréèjì. Ìgbà tí a délé, tí ó ń tú osùn kúrò nínú ẹrù, ló sunkún.

A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà fi rọ́bà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ méjèèjì náà ń ké, pé ara rẹ̀ ti wúwo jù, bí kò bá fúyẹ́, kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kankan. Báyìí ló ṣe di pé Boma ló bá ọ wẹ Rẹ̀mí. Ìyá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Boma o, ó dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dúpẹ́ náà ló ń fi etí ìró nu ojú.

Nígbà tí Àkíbù wá sílé lọ́dún Kérésìmesì, ó kó ẹrù tí o fi rán an fún wa. Fọ́tò Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ mú jáde. Ìyá rẹ gbà á, ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó gbé e sí imú, ó fa òórùn rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ òórùn ọmọ òun ni. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní káfúrà tó wà nínú àpótí Àkíbù nìkan lòun gbọ́. Ó tọ́jú fọ́tò náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Àkíbù wá ń sọ fún wa bí Rẹ̀mí ṣe ti gbọ́n tó. Ó ní òun bi í pé ṣé dáadáa ló wà, ọmọ náà sì dá òun lóhùn pé àìdé. Àkíbù ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń fi èdè òyìnbó tiwọn sọ pé àwọn wà dáadáa ní Port Harcourt nìyẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Mo ní Àkíbù, ìwọ ò gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ ni. Àìdé ta ni? Àìdé ìyá rẹ̀ àgbà ni. Ọmọ tí wọn ò tíì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹnìkan wà tó yẹ kó dé tí kò dé, ó sì ń rò ó fún àlejò. Àkíbù fẹ́ ṣàlàyé, mo ní kó jókòó. Ìyá rẹ gbé ojú sókè. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni Rẹ̀mí sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Àkíbù ṣáà wà níbẹ̀, òun ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ní ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí òun ṣe, òun á ṣe é, òun ń lọ wo ọmọ yẹn.

Nígbà náà la ṣí ìgò. Nínú ìwé tí o fi sí i, o kọ ọ́ pé Boma ní àwọn kan gbà pé òórùn a máa ti imú wọ inú ara, pé bí ènìyàn bá fa òórùn míńtì símú kó tó jẹun, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, ebi rẹ̀ a sì rọlẹ̀ díẹ̀. O ní kí ìyá rẹ máa fà á ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó má fi sínú ọbẹ̀, kó má fi pa ara. Mo kà á sí i létí dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù, níbi tí o ti ní Boma sọ pé òórùn nìkan ò tó, kó máa rìn, kó sì dín iyán alẹ́ kù, mo fò wọ́n, nítorí mo rí i pé ẹ kàn fi wọ́n kún ìwé kó lè gùn ni. Ìyá rẹ ò sì fẹ́ràn kí ènìyàn bá òun sọ̀rọ̀ iyán.

Mo dáwọ́ lé ìrònú lórí ìgò náà. Òórùn rẹ̀ tutù nímú bíi ti súìtì míńtì tí àwọn ọmọdé ń mu, ṣùgbọ́n ó le ju ìyẹn lọ, ó ń mú ojú ṣomi. Mo bi ara mi pé bí òórùn bá wọ inú ènìyàn, kí ló ń wá níbẹ̀? Ó hàn gbangba pé ọ̀rá ló ń jẹ. Ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé èmi ò ní ẹran lára. Okùn ni mo fi ń di ṣòkòtò tí o rán sí mi mú. Bí òórùn tó ń jẹ ọ̀rá bá wọ inú tèmi tí kò rí ọ̀rá kankan, egungun ló máa bọ́ sí. Mo fi òwú dí ihò imú mi méjèèjì. Pásítọ̀ wá kí wa, ó rò pé ọ̀finkìn ló ń ṣe mí, ó gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ó ṣe iṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí adìẹ tó ń sùn lábẹ́ fèrèsé wa bẹ̀rẹ̀ sí í rù, mo mọ̀ pé ìgò yẹn ò lè gbé inú ilé pẹ̀lú mi mọ́.

Ẹni tí mo ronú kàn ni Alimat, ìyá Àkíbù. O mọ ilé rẹ̀, lẹ́yìn odò, lórí òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà ti dúró gangan bí àkàbà. Láti ìgbà tí àìsàn kan ti ṣe é nígbà ọmọge, imú rẹ̀ ò gbọ́ nǹkankan mọ́. Ọbẹ̀ á jóná níwájú rẹ̀, kò ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá ké sí i. Mo ní irú ẹni báyìí gan-an ló yẹ kó tọ́jú òórùn, nítorí kò sí ọ̀nà tí yóò gbà wọlé sí i lára. Alimat gbà, ó gbé ìgò náà sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà rẹ̀. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kó máa lọ sọ́dọ̀ Alimat lọ fa òórùn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí òórùn náà bá ṣì wà nímú rẹ̀, kó má fi ọwọ́ kan oúnjẹ, kó má baà dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ìyá rẹ wò mí. Ó ní ṣé èmi ò rí i pé oògùn ni wọ́n máa ń gbé wá bá aláìsàn, pé wọn kì í gbé aláìsàn tọ oògùn lọ. Mo rán an létí àìdé. Ó mú ọ̀pá, ó lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó sinmi létí odò, ó sinmi nídìí igi igbá, ó sinmi lórí òkúta, ó tún sinmi níbi tí kò sí ìdí kankan láti sinmi. Oòrùn ti mú dáadáa kó tó dé. Nígbà tó fi padà sílé, ó ń bínú sí mi débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀, òórùn ṣì wà nímú rẹ̀ nítorí náà kò lè jẹun, àsìkò tí òórùn sì fi lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀kọ díẹ̀ ló mu tó fi sùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ìgò náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ó ń lọ. Ó di pé kò sinmi létí odò mọ́. Ó di pé ọ̀pá ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò mú un dání. Òun àti Alimat tí wọn kì í sọ ju ẹ kú ọjà lọ sí ara wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di ọ̀rẹ́, wọ́n á jọ máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Port Harcourt, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa. Iyán alẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Ó ní bí òun bá jẹ ẹ́ lálẹ́, òkè máa ń ga sí i láàárọ̀. Mi ò lóye ìyẹn, ṣùgbọ́n mo jẹ ìpín rẹ̀ kún tèmi, mi ò sì sanra.

Láti mọ̀ dájú, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Dáúdà, akọ̀wé tó ń wọn tábà fún àwọn tó ń rà á. Tábà ò tíì dé, ìwọ̀n ńlá náà ń ṣe àìríṣẹ́ṣe. A ti kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí ìgò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lọ́jọ́ náà gbogbo irin Dáúdà ni wọ́n kó sórí ìwọ̀n kí apá kejì tó gbéra, Dáúdà sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá jẹ́ tábà ni, olówó gọbọi ni. Ìyá rẹ bínú. Lọ́tẹ̀ yìí, Dáúdà ń kó irin lé e, ó rò pé òun ò ní dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀, ìwọ̀n náà kàn fò sókè. Ó mú irin kan kúrò, ó tún mú òmíràn kúrò, ó ń wo ìyá rẹ, ó ń wo ìwọ̀n. Ó ní kí ìyá rẹ má bínú, ṣé kì í ṣe pé ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀. Ìyá rẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kó rí i. Àwọn irin tó ṣẹ́kù sílẹ̀ tí a ò lò, Hannah, èmi gbìyànjú láti gbé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò ṣeé gbé. Gbogbo ìyẹn ni ìyá rẹ ti ń gbé lọ sídìí ààrò tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó dá, ìyá rẹ jáde, kò sì tètè dé. Àyà mi já. Mo rò ó pé ọ̀nà ń yọ̀, mo rò ó pé odò ti kún. Mo fi òwú dí imú mi, mo tẹ̀lé ọ̀nà. Mo bá a létí odò, ó ń bọ̀ wálé, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó bi mí pé kí ló gbé mi jáde. Mo ní mo wá wò ó ni. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti rìn dé ibẹ̀, kí n wá bá òun dé orí òkè kí n kí Alimat, ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè mi.

Ìwọ ọmọ yìí, òkè yẹn ga. Mi ò gùn ún láti ìgbà tí a ti ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ níbẹ̀. A dé ìdí igi igbá, mo ní kí a dúró wo ewé rẹ̀. A dé òkúta, mo ní kí a dúró gbọ́ ohùn ẹyẹ kan. Ìyá rẹ kò dúró. Ó ń lọ níwájú mi, ó ń kọ orin ìyìn, orin náà ò já lẹ́nu rẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń rò ó pé ṣé obìnrin tó jókòó sílẹ̀ ní gáréèjì nìyí. Ó dúró níbi tó ga lókè, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó rí i pé mi ò lè sọ̀rọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ padà wá, ó na ọwọ́ sí mi. Mo gba ọwọ́ rẹ̀. Òun ló fà mí dé òkè.

Mo ní kí Alimat gbé ìgò wá kí n rí bó ṣe kù sí. Ó gbé e wá. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí ìmọ́lẹ̀ já sí òdìkejì. Mo dojú rẹ̀ dé, kò sí ohun tó kán. Kò sí ọmọrí lẹ́nu rẹ̀. Mo bi Alimat pé níbo ni ọmọrí wà, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fi dé ìgò epo òyìnbó òun, nítorí tirẹ̀ sọnù, pé òun rò pé òórùn ò nílò ọmọrí. Mo yọ òwú kúrò nímú mi, mo fi ìgbójú fa inú ìgò náà. Èéfín ni mo gbọ́, àti àgbàdo tí wọ́n ń sun. Míńtì ti lọ. Mo pariwo. Mo ní a kú, òórùn ti gbẹ.

Ìyá rẹ ò tilẹ̀ gbọn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ ni kò ti sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe lórí òkè láti ìgbà ọyẹ́. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, òórùn náà ran òun lọ́wọ́, bí òun bá fà á, àyà òun a fẹ̀, òun a gbàgbé ebi díẹ̀, òun a ní sùúrù. Nígbà tó tán, òun ò sọ fún mi kí n má baà ní kí òun má wá mọ́. Ó ní òun ti kíyè sí i pé láàárín odò sí ìdí igi igbá, àyà òun tó máa ń lù kìkì ti dákẹ́. Ó wá fi ìka hàn mí láti iwájú ilé Alimat, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún, níbi tí lọ́rì ti ń kọjá. Ó ní gbogbo àárọ̀ tí òun bá dé ibẹ̀, òun a wo àwọn lọ́rì yẹn, òun a sì sọ lọ́kàn òun pé pákó ọkọ̀ kan ò ga tó òkè yìí.

Mo jókòó sórí àpótí Alimat. Mo fi etí aṣọ nu ojú. Òógùn ni o, kì í ṣe omijé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alimat ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé omijé ni.

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa, mo rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Òórùn Boma lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó ti kúrò nínú ìgò, ó ti wọ ara òkè yẹn, ó wà lára òkúta, ó wà lára igi igbá, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń gùn ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ á máa fúyẹ́. Mo ti sọ fún àwọn ènìyàn. Méjì nínú àwọn ìyá ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n sì ti ń fúyẹ́. Èmi ò gùn ún mọ́, o mọ ìdí rẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi rọ́bà gbọ́ àyà ìyá rẹ, ó tún un gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó lè lọ ibi tó bá fẹ́. Mo ṣàlàyé ìgò fún un. Ẹni tó ń túmọ̀ fún wa ní dókítà sọ pé òórùn dídùn lè fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀, ó tilẹ̀ lè tan ebi jẹ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn kì í yọ́ ọ̀rá, pé òkè tí ìyá rẹ gùn àti iyán tó fi sílẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Mo mi orí kí ojú má baà tì í. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n mo wo rọ́bà rẹ̀ yẹn, etí ló ń kì í bọ̀, kò kì í bọ imú rárá. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ nípa òórùn? Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín láti ilé ìwòsàn títí dé ilé, mi ò mọ ohun tó rí.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Bí agbára Bọ́lárìnwá bá ká a, kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n kó má gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà kan, ẹ ní ẹ san án fún wọn ní Port Harcourt, akọ̀wé tibí sì ń ka owó ẹlòmíràn lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mo sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé bí olówó bá dé, òun ni kó dá a lóhùn. Fi rán Àkíbù ni. Kí o sì bá mi bi Boma léèrè bóyá òórùn kan wà tó ń mú ènìyàn sanra. Bó bá wà, kó má dúró lórí òkè o, inú ilé ni màá tọ́jú tèmi sí.

Ọlọ́run yóò fi ìrọ̀rùn sọ̀ ọ́. Oyún inú rẹ kò ní wúwo ju ọ lọ. Ọkọ rẹ yóò rí ojú rere lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́, ilẹ̀ àjòjì yóò tù yín lára, ọwọ́ rẹ yóò sì tẹ gbogbo ohun tí ò ń wá, láṣẹ Olúwa.

Àkíbù ti ṣe Iléyá tán, ọ̀la ló ń padà sí Port Harcourt. Lọ́rì gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n máa wọ̀ dé Bìní, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àsàbà, Àkíbù mọ gbogbo ọ̀nà. Mo ní wọ́n, kì í ṣe àṣìkọ. Mo gbọ́ ọ báyìí tó ń gún osùn lẹ́yìnkùlé, ó ń pè mí pé kí n wá bá òun di ẹnu ìgò àdí. Mo ti sọ fún un pé kó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ kó tó sọ ohunkóhun, kò sì mọ̀wé, nítorí náà kò mọ ohun tí mo kọ nípa òun. Bó bá fẹ́ rìn lọ sọ́jà, jẹ́ kó rìn. Bó bá gbé Rẹ̀mí sí imú, má bi í ní ohunkóhun, jẹ́ kó fa òórùn ọmọ náà títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ti dúró níwájú rẹ tó, Hannah. Sọ ìwé yìí sílẹ̀, kí o gba ẹrù lórí ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbíyìí.